Òmìnira Orí Ìwé: Ẹni Tó Ti Ṣẹrú Rí Nínú Ìtàn Àròsọ

Ọ̀pọ̀ ìtàn ẹrú ló máa ń parí síbi tí ẹ̀wọ̀n ti já. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ olówò ẹrú bá lójú òkun, tàbí olówó ẹrú kú, tàbí ìjọba gbé òfin jáde. Ẹni tó wà nínú ìdè bọ́, ìtàn sì tán. Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì òmìnira ni wọ́n ń wò: ibo ni ẹni náà sùn mọ́jú, oúnjẹ ta ló jẹ, orúkọ wo ni wọ́n fi pè é, ta ni yóò jẹ́rìí gbè é bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ààlà òmìnira kiri, ìyẹn ibi tí agbára ìwé ìdásílẹ̀ mọ.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ilé ni ènìyàn fi ń jẹ́ ènìyàn. Ọmọ ilé kan ní oríkì, ó ní ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ní ẹbí tí yóò dá sí i bó bá jẹ gbèsè, tí yóò sì sin ín bó bá kú. Gbogbo èyí ni wọ́n gé kúrò lára ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Òwe sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́: ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òfin lè ní kí ẹnikẹ́ni má na ẹrú mọ́, kí ẹnikẹ́ni má tà á mọ́. Kò lágbára láti wá ẹni tó mọ oríkì rẹ̀.

Ní Èkó, díẹ̀díẹ̀ ni òfin náà dé, òmìnira tó mú wá sì ní okùn nídìí. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, tí àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ olówò ẹrú, tí wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú wọn lọ sí Freetown nílẹ̀ Sàró. Òfin kan náà yẹn ló fàyè gbà á kí wọ́n fi àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún ọdún tó lè tó 14, tàbí kí wọ́n fi wọ́n ṣe sójà, láìbi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣoògùn ní 1821, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi ní 1822, gba Freetown kọjá, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tí wọ́n pín fún àjèjì láti máa bá wọn lọ ata, pọn omi, ro oko títí wọ́n fi dàgbà, ẹ̀mí tiwọn náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò kọjá inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba.

Ní December 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ní 1861 sì ni wọ́n gba ìlú náà. Láti ìgbà náà lọ, ẹrú tó bá sá wọ Èkó lè wá ààbò lọ́dọ̀ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó sá wá láti òkè ni Glover, tó ń ṣàkóso ìlú náà, kó sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá rẹ̀: wọ́n kúrò lábẹ́ olówó wọn, wọ́n bọ́ sábẹ́ ọ̀gá sójà. Àwọn tó dúró sílé olóyè, tí Èkó ń pè ní àrọ́ta, kò tilẹ̀ lọ síbi kankan. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, ilé olóyè ló ni ín. Ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ló ń fún wọn láyè láti kọ́lé, òun náà ló ń ṣonídùúró fún wọn nídìí òwò. Kristin Mann, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí òwò ẹrú àti ìdìde Èkó, èyí tó jáde ní 2007. Ó fi hàn pé nígbà tí òfin gba pàṣán lọ́wọ́ àwọn olówó, ilẹ̀ àti ibùgbé ni wọ́n fi di àwọn ènìyàn wọn mú.

Ìtàn àròsọ tó bá òmìnira yìí rìn dé àárín títì Èkó ni A Casa da Água. Antônio Olinto, ọmọ Bràsíl tó wà ní Èkó láàárín 1962 sí 1964 gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ àṣà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1969. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Bràsíl dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 13 May 1888. Ìyá àgbà kan, Catarina, tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta kí wọ́n tó kó o lẹ́rú, kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání, ó ní ilé yá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bàhíà. Atẹ́gùn kọ̀, kò fẹ́ mọ́, ọkọ̀ dúró sójú kan lórí òkun. Omi mímu ń tán lọ, àìsàn wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì ń ju òkú sómi. Olinto kò sáré kọjá lórí apá yìí, ohun tó sì ṣe yìí tọ́. Òǹkàwé rí i pé ọkọ̀ tó ń gbé olómìnira bọ̀ wálé ti jọ ọkọ̀ tó gbé ẹrú lọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìyá àgbà nìkan ló dé ibi tó mọ̀. Mariana ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, èdè Potogí ló ń sọ, oúnjẹ Bràsíl ló mọ̀ ọ́n jẹ, ìjọ Àgùdà ló sì ń lọ. Ará Èkó ò pè é ní ọmọ wa tó sọnù tó dé. Wọ́n pè é ní Àgùdà. Àdúgbò tí irú wọn ń gbé ni Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdún àwọn ẹni mímọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Bàhíà, tí wọ́n sì ń fẹ́ra wọn. Mariana gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀, ó ń ta omi fún aládùúgbò, owó omi sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ ní òpópónà Kákáwá: ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bràsíl nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì padà wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ilé Omi ni wọ́n ń pè é nítorí kànga rẹ̀. Nínú ìwé Olinto, owó ló gbé Mariana kọjá ibi tí òmìnira ìyá àgbà rẹ̀ dúró sí. Ìwé náà kò sì purọ́ pé owó náà sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò dúró sí Bràsíl lẹ́yìn ìdásílẹ̀. Òfin ibẹ̀ dáhùn. Lábẹ́ ìwé òfin Bràsíl ti 1824, ẹrú tí wọ́n bí sí Bràsíl lè di ọmọ orílẹ̀-èdè bí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bí sílẹ̀ Áfíríkà kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, òmìnira rẹ̀ kò fún un ní orílẹ̀-èdè kankan. Lóru ọjọ́ kan ní January 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, èyí tí Bràsíl ń pè ní Nàgó, dìde ogun ní Bàhíà. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì gbé òfin kan jáde ní 13 May ọdún náà: gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gbòmìnira yóò máa san owó orí 10,000 réis lọ́dọọdún, wọn kò sì gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n kó sọ́kọ̀ tipátipá. Yàtọ̀ sí èyí, títí di 1871, olówó lè gba ìwé òmìnira padà bó bá ní ẹni tí òun dá sílẹ̀ ti ya aláìmoore. Ẹni tí òmìnira rẹ̀ lè yingin nítorí pé kò kí ọ̀gá àtijọ́ dáadáa, báwo ni yóò ṣe gbójú sókè?

Ìbẹ̀rù yẹn ni Machado de Assis mú, ọkùnrin tí àwọn òbí bàbá rẹ̀ ti ṣẹrú rí, tó sì di òǹkọ̀wé tó ga jù ní Bràsíl. Nínú Memórias Póstumas de Brás Cubas, tó jáde bí ìwé ní 1881, ọmọ ẹrú kan wà tó ń jẹ́ Prudêncio. Nígbà èwe, Brás Cubas máa ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹṣin, yóò sì máa nà án. Nígbà tí àwọn méjèèjì dàgbà, Brás bá a pàdé ní títì: Prudêncio ti gbòmìnira, ó ti ra ẹrú tirẹ̀, ó sì ń na ẹrú náà ní gbangba. Brás ní kó fi í sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Prudêncio gbọ́ràn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtẹríba tó ti ń sọ láti kékeré. Ìran kékeré náà kò ju ojú ìwé méjì lọ. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ tó yẹ ká yà sọ́tọ̀: ọwọ́ Prudêncio ti bọ́ nínú ìdè débi tó fi lè ra ènìyàn, etí rẹ̀ kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ohùn ọ̀gá. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ìdásílẹ̀ 1888, Machado tún kọ ìtàn kékeré kan sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀gá kan nínú rẹ̀ ń yangàn pé òun ti dá ọmọ ọ̀dọ̀ òun Pancrácio sílẹ̀ kí òfin tó dé. Owó oṣù táṣẹ́rẹ́ ló ń san fún un. Ìgbátí àti ìtapá kò dúró, Pancrácio sì ń fi ìdùnnú gba gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry láti àdúgbò Festac ní Èkó, tó sì lọ tààrà síhà ìwọ̀-oòrùn, yóò débi tí Prudêncio kan ti gbé ayé rí ní ti gidi. Sẹ̀ríkì Fárẹ̀mí Williams Abass jẹ́ ọmọ Jọ́ga-Orílé nílẹ̀ Yewa. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́mọdé, wọ́n gbé e dé Bràsíl, ó gbọ́ èdè púpọ̀, ó sì padà sí Badagry gẹ́gẹ́ bí aṣojú olówó rẹ̀, ó di olówò ẹrú fúnra rẹ̀. Àgọ́ ẹrú oníyàrá 40 tó jẹ́ tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣèbẹ̀wò, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà náà. 1919 ló kú. Àwọn tó ń fi ìtàn náà han àlejò máa ń yára kọjá lórí apá tó nira jù, ìyẹn bí ọmọ tí wọ́n jí gbé ṣe di ẹni tó ń ra ọmọ tí wọ́n jí gbé. Ẹni tó bá ti ka Machado yóò fẹ́ dúró síbẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀. Nínú ìlú tó jẹ́ pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí ènìyàn ní ẹrú tàbí kó jẹ́ ẹrú, òmìnira kò tíì ju pààrọ̀ àyè lọ.

Ti obìnrin tún lọ́nà tirẹ̀. Buchi Emecheta, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1944, gbé The Slave Girl jáde ní 1977. Ìtàn ìyá tó bí i lọ́mọ ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé náà, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló tà á lóòótọ́. Nínú ìwé náà, àrùn lùkúlùkú tó jà kárí ayé ní 1918 pa òbí Ojebeta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sọ́jà Onitsha, ó tà á fún ìbátan wọn ọlọ́jà, Ma Palagada, ní pọ́n-ùn mẹ́jọ, ó sì fi owó náà ra ohun ọ̀ṣọ́ ijó. Nígbà tí Ma Palagada kú, Ojebeta padà sí Ibuza. Àmọ́ ẹni tó padà sílé kò bọ́: àwọn ìbátan ọkùnrin ń jà lórí ẹni tí yóò gba owó orí rẹ̀, ọkùnrin tí kò fẹ́ sì lè gé irun orí rẹ̀ kó sọ ọ́ di aya. Ó fẹ́ ẹni tó yàn fúnra rẹ̀, Jacob, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kò pẹ́, oyún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lára rẹ̀, ọkàn wọn sì lọ síbi owó àtijọ́ tí ẹnìkan kò tíì san padà. Jacob san pọ́n-ùn mẹ́jọ náà fún ọmọ Ma Palagada. Inú Ojebeta dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó tuntun. Emecheta kò bínú sí obìnrin náà. Ó kàn fi iye owó náà síwájú òǹkàwé, pọ́n-ùn mẹ́jọ tí wọ́n fi tà á, pọ́n-ùn mẹ́jọ tí wọ́n fi rà á padà, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé owó náà kò kan ọwọ́ Ojebeta rí.

Ọmọbìnrin Òkè-Ọ̀dàn tí ayé mọ̀ sí Sara Forbes Bonetta rí irú rẹ̀ láàfin. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó o ní 1848. Ní 1850, Ọba Gẹ́zò fi í ta Ọ̀gágun ojú omi Frederick Forbes lọ́rẹ, kí ó gbé e fún Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ Forbes àti orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Bonetta, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọbabìnrin náwó lé e, ó kàwé, ó mọ orin. Nígbà tí James Davies, oníṣòwò Èkó tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Sàró, wá tọrọ rẹ̀, Sara kọ̀. Ìlú Brighton ni wọ́n rán an lọ láti tún inú rò, ibẹ̀ náà ni ìgbéyàwó ti wáyé ní August 1862. Janice Okoh, òǹkọ̀wé eré tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Britain, gbé eré The Gift kọ́ sórí ìtàn yìí, wọ́n sì ṣe é lórí ìtàgé ní 2020. Eré náà fi Sara sí ẹ̀gbẹ́ obìnrin dúdú òde òní, àárín méjèèjì ni ìbéèrè kan náà wà: ẹni tí wọ́n ṣe lóore tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ha láyè láti sọ pé òun kò fẹ́ bí?

Ní Èkó kan náà ni Chinua Achebe fi No Longer at Ease sí, tó jáde ní 1960. Clara, nọ́ọ̀sì tó kàwé dé ìlú òyìnbó, kò ṣẹrú ẹnikẹ́ni rí. Baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n fi fún òrìṣà, ìyẹn ọ̀sú, ìran rẹ̀ sì jogún àmì náà. Òfin ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ti fagi lé ọ̀sú ní 1956. Nínú ìtàn náà, Obi fẹ́ fi Clara ṣaya, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ oníwàásù kò gbà kí ọmọ òun fẹ́ ẹ, ìyá Obi ní òun yóò pa ara òun bí wọ́n bá ṣe é níṣojú òun. Ìfẹ́ náà túká. Kò sí ohun tó burú nínú òfin 1956. Orí ìyàwó fífẹ́ ni kò dé.

Ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìlú odindi kan wà tó gba àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó rí gbogbo èyí lálejò. Festac Town ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn aṣojú tó wá sí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó wáyé láti 15 January sí 12 February 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ilé wọ̀nyẹn di ibùgbé fún ará ìlú. Gilberto Gil, olórin Bàhíà, wà lára àwọn tó wá. Àwọn ilé ibẹ̀ rán an létí ilé tí ìjọba Bràsíl ń kọ́ fún àwọn tálákà nílé, ó sì gbé àwo orin Refavela jáde lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló rò pé àwọn ń padà sílé. Àwọn òǹkọ̀wé inú wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni Paule Marshall, tí wọ́n bí sí Brooklyn ní 1929, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Barbados. Kó tó wá sí Èkó ló ti kọ The Chosen Place, the Timeless People, tó jáde ní 1969. Erékùṣù kan tó hùmọ̀ ni ìtàn náà dá lé. Ní abúlé Bournehills, àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi eré ṣàfihàn ọ̀tẹ̀ ẹrú tí Cuffee Ned ṣáájú, lọ́dọọdún, eré kan náà láìyí ohunkóhun padà. Àlejò rò pé ọ̀lẹ èrò ló ń ṣe wọ́n. Lójú ará Bournehills, kò tíì sí ohun tuntun láti ṣeré lé lórí, nítorí oko ìrèké ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló sì ṣì ń bẹ́ ìrèké náà. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ti ilẹ̀kùn, ìrèké olóko kéékèèké yóò gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1833 wà lẹ́yìn ìtàn yìí: ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n san láti tu àwọn olówó ẹrú nínú. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tún mú sìn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ títí di 1838. Nínú gbogbo ìwé tí a dárúkọ níhìn-ín, èyí ló sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jinlẹ̀ jù.

Ọmọ Bràsíl kan, Abdias do Nascimento, ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ eré àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní Rio ní 1944. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan fún ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ní àjọ̀dún náà, pé òmìnira 1888 kò fún ènìyàn dúdú Bràsíl ní ilẹ̀, iṣẹ́ tàbí ọlá, irọ́ sì ni bí ìjọba ṣe ń sọ pé àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Wọn kò gbà á wọlé sínú ètò ìpàdé. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó sì pín in fún àwọn tó wá. Ní 1978 ó di ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ti fi ṣeré tẹ́lẹ̀ nínú Sortilégio: agbẹjọ́rò dúdú kan, Emanuel, ti gba ìwà, ẹ̀sìn àti ìyàwó òyìnbó, síbẹ̀ ọlọ́pàá kò rí ohun mìíràn lára rẹ̀ ju àwọ̀ lọ. Ojúbọ Èṣù lórí òkè ló sá lọ. Lẹ́yìn tí Abdias ti gbé Ifẹ̀, ó tún eré náà kọ, ẹ̀dà kejì sì jáde ní 1979.

Àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ti kọ púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, a ó mú díẹ̀. Nínú Beloved ti Toni Morrison, tó jáde ní 1987, ọmọ Baby Suggs ló fi iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ọdún márùn-ún rà á sílẹ̀ nígbà tó ti darúgbó. Jenny ni ìwé ìtajà pè é, Jenny sì ni olówó rẹ̀ fi ń pè é. Ó mú orúkọ ọkọ rẹ̀, kí ọkùnrin náà lè rí i bó bá ń wá a. Àwọn òyìnbó tó ràn án lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀tá òwò ẹrú, síbẹ̀ ère ọmọ dúdú tó kúnlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kún fún owó ẹyọ, wà nínú ilé wọn. Yaa Gyasi, tí wọ́n bí sí Ghana, mú òfin fúnra rẹ̀ nínú Homegoing, tó jáde ní 2016. Àtúnṣe ìwé òfin Amẹ́ríkà ti 1865 fòpin sí ẹrú, àfi fún ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ H ni wọ́n fẹ̀sùn kàn lásán, kò rówó ìtanràn san, wọ́n yá a fún ilé iṣẹ́ tó ń wa èédú ní Alabama. Ọdún 1928 ni Alabama tó jáwọ́ nínú yíyá ẹlẹ́wọ̀n báyìí.

Lédè Yorùbá, eré tó ṣí ojú wa sí ìyà ẹrú jù ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde bí ìwé ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn náà ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, wọ́n sì bẹ́ Adétutù lórí. Ìtáwuyì gbìyànjú láti pa Ìyálóde, ẹ̀mí tirẹ̀ bá a lọ. Látòósà, Ààrẹ tó ń ṣolórí Ìbàdàn, àti àwọn ìjòyè dìde, agbára Ẹfúnṣetán wó, ó gbé májèlé jẹ. Àwọn tó kún ilé rẹ̀ bọ́, eré sì parí síbi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ẹrú ń parí sí. Ó yéni: ìkà alágbára ni Ìṣọ̀lá ń wò.

Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, tó di ìwé ní 1921, gba ọ̀nà mìíràn. Látòósà rọ Ẹfúnṣetán lóyè ní May 1874. Ní òpin June, lóru, wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀. Kùmúyìlọ̀, ọmọ tó gbà tọ́, ni àwọn ìjòyè lò, òun náà sì rán ẹrú inú ilé níṣẹ́. Nígbà tí àwọn ìbátan Ìyálóde láti Ẹ̀gbá béèrè ẹni tó pa ọmọ wọn, ìgbìmọ̀ Ìbàdàn jókòó. Kùmúyìlọ̀ pàdánù ipò olórí ilé. Àwọn ẹrú méjì tí wọ́n rán níṣẹ́ náà, pípa ni wọ́n pa wọ́n.